Gbogbo Aṣọ Kọ́ Là Ń Sá Lóòrùn

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú yín ni ó ti wá ilé-ìwé lọ sí Amẹ́ríkà rí, tàbí tí ó ti bá ọmọ ẹlòmíràn wá a. Ohun tí a sábà máa ń bá ara wa sọ nípa rẹ̀ ni máàkì, ìdánwò SAT, àròkọ tí kò gbọdọ̀ ju ọ̀rọ̀ 650 lọ, àti ìwé ẹ̀rí tí olùkọ́ yóò kọ nípa ẹni. Èmi kò rí ẹni tí ó sọ ti inú ilé fún mi kí n tó bẹ̀rẹ̀. Ìdánwò tí ó le jù nínú gbogbo rẹ̀, ìdí tábìlì ìjẹun wa ní Iléṣà ni mo ti ṣe é, bàbá mi ni ó sì dán mi wò.

Ọdún 2022 ni. Mo ti jáde ilé-ìwé girama, èsì WAEC mi sì dára. Kafíńtà ni bàbá mi, màmá mi ń ta èlùbọ́ ní ọjà Àtàkúnmọ́sà. Ẹni tí kò mọ̀ yóò bèèrè pé kí ni ọmọ kafíńtà ń wá dé irú Harvard. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò rí bí a ti rò ó. Nígbà náà, àwọn ilé-ìwé bí Harvard, Yale, Princeton, MIT, Amherst, Dartmouth àti Bowdoin kì í wo àpò òbí kí wọ́n tó gba ọmọ ilẹ̀ òkèèrè. Bí wọ́n bá ti gbà á, wọn yóò ṣírò ohun tí agbára òbí rẹ̀ ká, wọn yóò sì fi ẹ̀bùn owó dí ìyókù. Ọdún 2022 yẹn gan-an ni Dartmouth àti Bowdoin ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ inú wọn. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn yòókù ni ó ń wo àpò: bí ọmọ méjì bá tó ara wọn, tí ọ̀kan ń bèèrè owó tí èkejì kò bèèrè, ẹ mọ ẹni tí wọn yóò mú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí èmi pa gbogbo wọn pọ̀ mọ́ra, ó sì dùn mí lẹ́yìn.

Fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń mọ agbára òbí ni à ń pè ní CSS Profile. Dọ́là 25 ni fún ilé-ìwé àkọ́kọ́, dọ́là 16 ni fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ìyókù. Ní ọdún yẹn kan náà ni ọ̀pọ̀ báńkì dín ohun tí káàdì náírà lè ná lókè òkun kù sí dọ́là 20 lóṣù. Káàdì wa kò lè san owó fọ́ọ̀mù tí a fẹ́ fi sọ pé a kò lówó! Àbúrò màmá mi tí ó wà ní Houston ni ó bá wa san án.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù Kọkànlá, mo yá kọ̀ǹpútà aládùúgbò wa kan, mo jókòó ti bàbá mi, mo ní, "Bàbá mi, èló ni ẹ ń pa wọlé lọ́dún?"

"Ọdún wo?" ni ó dá mi lóhùn.

Ó sì jàre. Kafíńtà kì í gba owó oṣù. Ó lè ṣe àga ṣọ́ọ̀ṣì kan lónìí kí ó rí owó gidi, kí ó tún lo oṣù méjì láìfọwọ́ kan ayùn. Ìwé kan wà lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀ tí èmi kò fojú kàn rí, ibẹ̀ ni ó ń kọ orúkọ àwọn tí ó jẹ ẹ́ sí àti àwọn tí òun jẹ. Fọ́ọ̀mù ń bèèrè gbèsè. Ó ń bèèrè owó tí ó wà ní báńkì. Ó wá bèèrè ọdún tí a ní ilé tí à ń gbé, àti iye tí yóò pa bí a bá tà á.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ nìyẹn. Bàbá bàbá mi ni ó kọ́ ilé náà, ọmọ mẹ́sàn-án ni ó jọ ni ín, ibojì bàbá àgbà sì wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Ta ni ó fẹ́ rà á? Ta ni ó sọ fún wọn pé a fẹ́ tà á?"

Mo ní wọn kò fẹ́ rà á, wọ́n kàn fẹ́ mọ̀ ni. Ó wò mí títí.

"Àyìnkẹ́, gbogbo aṣọ kọ́ là ń sá lóòrùn. Bí mo bá fẹ́ tọrọ nǹkan lọ́wọ́ ènìyàn, n ó lọ bá a nílé, n ó wo ojú rẹ̀. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Àwọn wọ̀nyí kò mọ̀ mí, n kò mọ̀ wọ́n, wọ́n ní kí n bọ́ aṣọ lára ná, kí àwọn tó mọ̀ bóyá àwọn ó ran ọmọ mi lọ́wọ́."

Ó dìde, ó wọlé lọ sùn.

Inú bí mi sí i lálẹ́ ọjọ́ náà, n kò ní purọ́. Mo pè é ní ìgbéraga. Ó pẹ́ kí ó tó yé mi pé láti kékeré mi ni ó ti ń gbàdúrà láràárọ̀ pé kí Ọlọ́run bo àṣírí wa, àṣírí yẹn gan-an ni mo sì ní kí ó fọwọ́ ara rẹ̀ tú. Àwọn tí ó ṣe fọ́ọ̀mù náà kò ní ibi lọ́kàn. Ní ìlú tiwọn, ìjọba ti mọ iye tí olúkúlùkù ń gbà kí ilé-ìwé tó bèèrè. Lọ́dọ̀ tiwa, ìyàwó ilé pàápàá lè má mọ̀ ọ́n.

Màmá mi ni ó bá a sọ̀rọ̀. Inú yàrá ni wọ́n wà, n kò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Ní ọjọ́ kẹta, bàbá mi gbé ìwé náà ka orí tábìlì, ó ní kí n máa kà á, òun ń lọ síbi iṣẹ́. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé òun ni ó ń san owó ilé-ìwé ọmọ méjì tí àbúrò rẹ̀ olóògbé fi sílẹ̀, àti pé ó yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù láti fi san owó WAEC mi. Mo wá ibi tí n ó kọ ti àwọn ọmọ náà sí, àfi ibi kan nísàlẹ̀ tí wọ́n ti ní kí a ṣàlàyé ohun àrà ọ̀tọ̀. Kí ènìyàn tọ́ ọmọ àbúrò rẹ̀ kì í ṣe ohun àrà ọ̀tọ̀ lọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni mo kọ ọ́ sí. Ní ti ilé, mo kọ mílíọ̀nù 6 náírà.

Ìparí oṣù Kẹta ọdún 2023 ni èsì dé. Ilé-ìwé mẹ́rin kọ̀ mí. Ìkarùn-ún, tí n kò ní dárúkọ, gbà mí. Owó ọdún kan níbẹ̀ tó dọ́là 80,000. Wọ́n fún mi ní 52,000, ó ku 28,000. Wọn kò sì ní fi I-20, ìwé tí a ń mú lọ gba físà, ránṣẹ́ títí wọn yóò fi rí ẹ̀rí owó ọdún àkọ́kọ́. Bàbá mi ní kí n sọ ọ́ ní náírà. Ní iye tí wọ́n ń ta dọ́là lóde nígbà náà, ó lé ní mílíọ̀nù 20. Kò sọ̀rọ̀.

Ní ọjọ́ kejì, mo fi etí ara mi gbọ́ ọ tí ó ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ìbàdàn lórí fóònù pé kí àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán pàdé lórí ọ̀rọ̀ ilé. Bàbá mi kan náà! Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fi í sílẹ̀, pé ilé náà kò lè san ọdún kan, ọdún mẹ́rin ni mo sì fẹ́ lò. Mo kọ̀wé sí ilé-ìwé náà pé kí wọ́n fi díẹ̀ kún un. Wọ́n dáhùn pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tútù pé owó ti tán. Mo wọ yunifásítì wa níbí lọ́dún náà.

Ní ọdún 2025, Harvard kéde pé láti ìgbà ẹ̀kọ́ 2025 sí 2026, ìdílé tí owó tí ó ń wọlé fún un kò ju dọ́là 100,000 lọ lọ́dún kò ní san kọ́bọ̀. N kò mọ kafíńtà kan ní Iléṣà tí kò sí nínú ìyẹn. Àbúrò mi ọkùnrin gbọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ fọ́ọ̀mù tirẹ̀ ní oṣù Kẹwàá ọdún náà. Mo ti ń ronú bí n ó ti bá bàbá wa sọ ọ́. Kí n tó délé lọ́jọ́ Sátidé, àwọn méjèèjì ti wà nídìí tábìlì, ìwé gbèsè wà láàárín wọn, bàbá mi wọ dígí ojú rẹ̀, wọ́n ti dé ibi tí wọ́n ti ń bèèrè ilé.

"Má kọ mílíọ̀nù 6 mọ́ o," ni ó ń sọ fún un. "Símẹ́ńtì ti gbówó lórí."