Kí A Tó Da Fáìlì Sínú Ẹ̀rọ

Ẹni tí ó bá gbé àgbàdo lọ sí ọ̀dọ̀ ẹlẹ́rọ mọ̀ pé ẹ̀rọ kì í béèrè ohun tí ó wà nínú igbá. Bí òkúta ńlá bá wà níbẹ̀, ẹ̀rọ yóò han, ẹlẹ́rọ yóò sì yára pa á. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ iyanrìn ni, yóò lọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ àgbàdo, ẹnu ẹni tí ń jẹun ni a ó ti mọ̀. Àwa tí a ń fi kọ̀ǹpútà ka ADN, iṣẹ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní yunifásítì ń pè ní bioinformatique, iyanrìn ni a ń bẹ̀rù ju òkúta lọ.

Nínú iṣẹ́ yìí, a máa ń to ètò púpọ̀ tẹ̀lé ara wọn. Ohun tí èkíní bá gbé jáde ni èkejì ń gbà wọlé, bẹ́ẹ̀ ni wọn yóò máa ṣe títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ọ̀dọ́ kan tí ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa rí i pé a fi ààbọ̀ ọjọ́ yẹ fáìlì wò kí a tó tẹ ohunkóhun. Ó ní: «Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, bí fáìlì bá bàjẹ́, ṣé ètò náà fúnra rẹ̀ kò ní kígbe ni?» Ìbéèrè gidi ni. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í kígbe.

Ẹ jẹ́ kí a mú ibà, tí kò ṣàjèjì sí ilé ẹnikẹ́ni nínú wa. Ní ọdún 2014, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ fi hàn pé àyípadà nínú jíìnì kan, kelch13, tí ó wà lórí kírómósómù kẹtàlá kòkòrò Plasmodium falciparum, ni a fi lè dá kòkòrò tí artemisinin kò tètè pa mọ̀. Ìdílé artemisinin yìí sì ni a gbójú lé jù lọ fún ìwòsàn ibà lónìí. Nítorí náà, bí a bá gba ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọdé tí ibà ń ṣe, tí a sì ka ADN kòkòrò inú rẹ̀, kelch13 jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ibi tí a ó kọ́kọ́ wò. Nínú fáìlì ìtọ́kasí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò, orúkọ kírómósómù yẹn ni Pf3D7_13_v3. Bí ẹni tí ó kọ fáìlì kejì, èyí tí ń sọ fún ètò ibi tí yóò wò, bá kọ 13 péré, ojú ènìyàn mọ̀ pé ọ̀kan náà ni. Ètò kò mọ̀. Àwọn ètò kan yóò dúró. Àwọn mìíràn yóò wá «13» tì, wọn yóò sì mú àbọ̀ wá láìsọ nǹkan kan: òfo. Òṣìṣẹ́ ìlera tí ó bá gba àbọ̀ náà lè kà á sí pé kò sí kòkòrò olóríkunkun ní ìlú náà, nígbà tí ó jẹ́ pé a kò wo ibẹ̀ rárá. «A wò, a kò rí» yàtọ̀ sí «a kò wò», ṣùgbọ́n bákan náà ni àwọn méjèèjì rí lórí ìwé.

Fáìlì tí ẹ̀rọ tí ń ka ADN sábà máa ń fún wa, FASTQ, kò ṣòro láti yẹ̀ wò. Ìlà mẹ́rin-mẹ́rin ni: orúkọ tí @ ṣáájú rẹ̀, àwọn lẹ́tà A, C, G, T, àti N níbi tí kò dá ẹ̀rọ lójú, àmì +, lẹ́yìn náà, àwọn àmì tí ń sọ bí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ti ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé tó. Ìlà kejì àti ìkẹrin gbọ́dọ̀ gùn bákan náà. Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá já nígbà tí a ń gba fáìlì, nọ́mbà md5 tí ẹni tí ó fi ránṣẹ́ kọ mọ́ ọn yóò tú àṣírí. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni.

Àtẹ Excel ni ó ń yọ wá lẹ́nu jù. Ní 2016, àwọn olùwádìí kan yẹ àwọn àtẹ jíìnì tí ó bá àròkọ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ rìn wò, wọ́n sì rí i pé nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún àwọn àròkọ náà ni orúkọ jíìnì ti bàjẹ́ nínú wọn. Excel a máa sọ SEPT2 di ọjọ́ kejì oṣù kẹsàn-án. Ní 2020, ìgbìmọ̀ tí ń sọ jíìnì ènìyàn lórúkọ kéde pé àwọn ti yí irú orúkọ bẹ́ẹ̀ padà; SEPT2 ti di SEPTIN2. Ó jọ pé ó rọrùn láti tún jíìnì sọ lórúkọ ju kí a tún Excel ṣe lọ! Àwa tí a ń lo Faransé sì ní tiwa lọ́tọ̀: kọ̀ǹpútà wa a máa kọ 3,75 níbi tí ètò ti ń retí 3.75. Ètò tí ó bá ka àmì yẹn sí ààlà òpó méjì yóò fọ́ nọ́mbà náà sí 3 àti 75.

Orúkọ ìlú ńkọ́? Ìlú kan náà ni Savè, Ṣabẹ àti Shabɛ. Ìlú kan náà ni Porto-Novo, Àjàṣẹ́ àti Hogbonu. Lójú kọ̀ǹpútà, ìlú mẹ́fà ni. Kò tán síbẹ̀. Ẹnì kan lè tẹ ẹ kí ó tó fi àmì ohùn lé e lórí. Ẹlòmíràn lè tẹ é ti Faransé kí ó tó fi àmì sí i nísàlẹ̀. Lójú wa, lẹ́tà kan náà ni. Nínú fáìlì, nọ́mbà tí a fi tọ́jú wọn yàtọ̀. Bí ọmọ mẹ́wàá láti ìlú kan bá tipa báyìí pín sí mẹ́rin, mẹ́ta àti mẹ́ta, ìlú kéékèèké mẹ́ta ni ìròyìn yóò fi hàn, iye ọ̀kankan kò sì ní tó ohun tí ẹnikẹ́ni yóò kà sí.

A kò sọ pé kí a pa àmì ohùn tì. A kò ní sọ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yìí láéláé. Ohun tí a ń ṣe ni pé a fún ìlú kọ̀ọ̀kan ní lẹ́tà mẹ́ta tí kò ní àmì, a sì kọ orúkọ rẹ̀ ní pípé, pẹ̀lú ohùn rẹ̀, sí òpó mìíràn. Ètò kúkúrú kan ń wò ó bóyá lẹ́tà mẹ́ta náà wà nínú àkọsílẹ̀ wa, àti bóyá gbogbo ẹ̀jẹ̀ tí ó wà nínú àtẹ ní fáìlì tirẹ̀, kí gbogbo fáìlì sì ní ìlà tirẹ̀ nínú àtẹ. Bí ọ̀kan bá yẹ̀, iṣẹ́ kò ní bẹ̀rẹ̀.

Bí àyẹ̀wò bá sì kọ fáìlì kan, a kì í fọwọ́ kan fáìlì àkọ́kọ́. Ẹni tí ó kọ ọ́ ni a ń pè. Bí ó bá kọ «Sav.», òun nìkan ni ó lè sọ bóyá Savè ni tàbí Savalou. Nígbà mìíràn, ọjọ́ méjì a kọjá kí ó tó dáhùn, ẹ̀rọ a sì dúró dè é.