Ọmọ Ìwé, Ṣé O Dìbò?

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ ó ti gbọ́ ọ rí, bóyá ẹ̀yin gan-an náà tilẹ̀ ti sọ ọ́ rí: "Àwọn ọ̀dọ́ ìwòyí, ọ̀rọ̀ ìlú kò kàn wọ́n." Ní Àkúrẹ́ níbí, kò sí ìdìbò kan tí yóò kọjá kí n má gbọ́ ọ níwájú àwọn tí ń ta ìwé ìròyìn, níbi tí àwọn bàbá wa ti ń ka àkọlé láìsan kọ́bọ̀. Wọn á ní ṣé a rántí August 1983, nígbà tí Fedeco kéde pé Omoboriowo ló wọlé, pé Ajasin kọ́. Wọn á ní gbogbo Àkúrẹ́ ló tú jáde lọ́jọ́ náà. Wọn kì í sábà dárúkọ àwọn tó kú sí i, tàbí àwọn ilé tó jóná. Wọ́n á kàn mi orí, wọ́n á ní, "Àwọn ti òde òní ńkọ́? Fóònù ni wọ́n mọ̀ ọ́n tẹ̀." Èmi ò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì ní 1983. Ẹnu bàbá mi ni mo ti gbọ́ ọ.

Ilé ìwé sẹ́kọ́ńdírì ni mo kà dé, n kò wọ yunifásítì. Ṣùgbọ́n ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń kọ àròkọ fún ìwé ìròyìn, ìbéèrè bíbi sì ni iṣẹ́ náà. Ìdí nìyẹn tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó wà ní ọdún ìkẹyìn ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Oǹdó, fi wọ mọ́tò wá bá mi lọ́jọ́ Sátidé kan. Ìwé ìbéèrè olójú ewé mẹ́fà ló kó dání. Iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ ni. Ó fẹ́ wádìí ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rò nípa ìlú àti ìjọba, àti ipa tí wọ́n ń kó níbẹ̀. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ ọ́ di Yorùbá. Olùkọ́ mi ní èdè méjèèjì ni kí n fi ṣe é."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí kà á. Mi ò tíì dé ìdajì tí ẹ̀rù fi bà mí. Bí ọmọ yìí bá fi ìwé yìí bi èèyàn igba, èsì tí yóò kó bọ̀ ni pé àwọn bàbá ibi ìwé ìròyìn yẹn ò purọ́. Yóò ti wọ ìwé, yóò ti di ohun tí wọ́n ń pè ní ìwádìí ìjìnlẹ̀, irú èmi yìí yóò sì fi ṣe àkọlé.

Ẹ wo ìbéèrè kìn-ín-ní: "Ṣé o dìbò ní ọdún 2023? Bẹ́ẹ̀ ni tàbí Bẹ́ẹ̀ kọ́." Mo bi í pé ọmọ ọdún mélòó ni àwọn tó fẹ́ bi. Ó ní láti ọmọ ọdún 17 sókè. Mo ní kó jókòó kó ṣírò rẹ̀. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ọdún 18 lónìí, kò tó ẹni tí òfin gbà láyè láti dìbò nígbà náà. Bí irú wọn bá fa igi sí "Bẹ́ẹ̀ kọ́", òun náà ti di aláìbìkítà.

Ìyẹn tiẹ̀ ṣì kéré. INEC forúkọ àwọn tí yóò dìbò sílẹ̀ láti 28 June 2021 títí di 31 July 2022. Láàárín ìgbà náà ni ASUU bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì, ní 14 February 2022, wọn kò sì padà sẹ́nu iṣẹ́ títí di October. Kí ni ọmọ tó jókòó sílé fún oṣù mẹ́jọ yóò ṣe? Àdúgbò bàbá rẹ̀ ló ti forúkọ sílẹ̀, ní Ọ̀wọ̀, ní Ìkàrẹ́, ní Ìkòròdú. Nígbà tí ìbò yóò fi dé, ó ti padà sí họ́sítẹ́ẹ̀lì, ibi tí orúkọ rẹ̀ wà sì jìnnà sí i. Wọn kì í sì í ṣe èèyàn díẹ̀ o. Nínú orúkọ tó lé ní mílíọ̀nù 93 tó wà nínú ìwé INEC, mílíọ̀nù 26 jẹ́ ti akẹ́kọ̀ọ́, ìyẹn ju ẹnì kan lọ nínú ẹni mẹ́rin. Èyí ni NUC rò tó fi ní kí àwọn yunifásítì ti ilẹ̀kùn láti 22 February sí 14 March 2023, kí àwọn ọmọ lè lọ dìbò. Ìbò ààrẹ wáyé ní 25 February lóòótọ́. Ṣùgbọ́n èyí tó kù, tó yẹ kó jẹ́ 11 March, INEC sún un sí 18 March, ìsinmi tí wọ́n fún wọn sì ti tán. Ọmọ tó ti wọ mọ́tò padà sí iléèwé kí ìbò ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ tó dé, ẹ bá mi dá a lẹ́jọ́: ṣé aláìbìkítà lòun náà?

A fọ́ ìbéèrè kan náà sí mẹ́rin. Ṣé o ti pé ọdún 18 nígbà náà? Ṣé o forúkọ sílẹ̀? Ìlú wo lo ti forúkọ sílẹ̀? Níbo lo wà lọ́jọ́ ìbò? A tún bi wọ́n bẹ́ẹ̀ nípa ìbò gómìnà Ìpínlẹ̀ Oǹdó ti 16 November 2024, tó sún mọ́ wa jù. Ọmọ náà ń kùn pé ìwé òun ń gùn sí i. Mo ní kó má ṣèyọnu, èyí tí a ó yọ kúrò ṣì ń bọ̀ níwájú.

Ìbéèrè kọkànlá ló pa mí lẹ́rìn-ín. "Ṣé o ti kọ lẹ́tà sí aṣòfin rẹ rí?" Ta ló ń kọ lẹ́tà sí aṣòfin ní Oǹdó? Ó ní inú ìwé àwọn òyìnbó lòun ti rí irú rẹ̀. Mi ò bú wọn. Àwọn ọ̀mọ̀wé Amẹ́ríkà méjì, Almond àti Verba, gbé ìwé kan jáde ní 1963 lórí irú ọ̀rọ̀ yìí. Orílẹ̀-èdè márùn-ún ni wọ́n ti bi èèyàn léèrè: Amẹ́ríkà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Jámánì, Ítálì àti Mẹ́síkò. Iṣẹ́ ńlá ni, ọ̀pọ̀ ló sì ti tọ ipasẹ̀ wọn. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ wọn kò tẹ ilẹ̀ adúláwọ̀. Lọ́dún 1975 ni ọmọ ilẹ̀ wa kan, Ọ̀jọ̀gbọ́n Peter Ekeh, wá kọ àròkọ kan tí wọ́n ṣì ń kà káàkiri ayé. Ohun tó sọ ni pé ìlú méjì ni ọmọ Áfíríkà ń gbé lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan jẹ́ ti ẹbí àti ti ilẹ̀ bàbá ẹni, níbi tí èèyàn ti ń dáwó tí kò retí èrè, tí ojú á sì tì í bó bá jí nǹkan níbẹ̀. Ìkejì jẹ́ ti ìjọba tí òyìnbó dá sílẹ̀, tí ẹni tó bá rí ibi já níbẹ̀ á já, tí kò sì ní sí ẹni tí yóò bi í.

Ẹ wá wo Oǹdó fúnra rẹ̀. Ọmọ ìlú náà tó ń gbé l'Ékòó lè má mọ orúkọ kánsẹ́lọ̀ kankan, ṣùgbọ́n bí ọdún Ekimogun bá ń bọ̀, yóò ti máa múra ilé. Obìnrin kan, Lóbùn, ní ipò tirẹ̀ nínú fífi Ọ̀ṣemàwé jọba, àwọn ìjòyè obìnrin sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ìlú tó ti ní irú ètò bẹ́ẹ̀ láti ayébáyé, ẹ fẹ́ fi lẹ́tà sí aṣòfin wọn àwọn ọmọ ibẹ̀? A yọ lẹ́tà kúrò. A fi èyí rọ́pò: Ṣé o ti dáwó tún ọ̀nà tàbí àfárá ṣe rí? Ṣé o ti bá wọn ṣọ́ àdúgbò lóru? Ṣé o ti bá àwọn àgbà tí kò mọ̀wé kọ ìwé sí ìjọba?

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo bá a lọ sí Oǹdó, kí a lọ dán ìwé náà wò lára èèyàn bíi mélòó kan. A kọjá Òwènà, a dé ìlú, a sì bá ọmọkùnrin akẹ́kọ̀ọ́ kan ní búkà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Yaba, ó ń jẹ ìrẹsì. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bi í pé, "Ṣé o nífẹ̀ẹ́ sí òṣèlú?"

Ó fi ṣíbí sílẹ̀. "Òṣèlú kẹ̀? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!"

Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni kó kọ sílẹ̀, kó máa lọ. Ṣùgbọ́n ojú mi ò kúrò lára ọmọ náà. Mo ní, "Àbúrò, àdúgbò rẹ ńkọ́? Ẹ níná?" Ó ní háà, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí iná ni. Transformer wọn ló jó. Òun ló kọ ìwé ẹ̀sùn, òun ló gbé e láti ojúlé dé ojúlé kí wọ́n lè bá a fọwọ́ sí i, ẹ̀ẹ̀mẹta ló sì lọ jókòó de kánsẹ́lọ̀ kó tó rí i. Mo ní, "Ìyẹn kì í wá ṣe òṣèlú?" Ó wò mí tìyanu-tìyanu. "Ẹ̀gbọ́n, iná là ń wá o. Kò kan òṣèlú."

Ẹ ò rí i? Lẹ́nu àwọn ọmọ wa, òṣèlú ti di orúkọ ẹni tó ń jẹun ìlú. Bí ẹ bá fi ọ̀rọ̀ yẹn bi wọ́n, wọ́n á sá fún un bí ẹni rí ejò. Gbogbo ibi tí "òṣèlú" wà nínú ìwé náà la fi "ọ̀rọ̀ ìlú" rọ́pò. "Ìjọba" náà fún wa ní wàhálà: ṣé ti káńsù ni, ti Alágbàká ní Àkúrẹ́, tàbí ti Àbújá? A kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ní búkà yẹn náà la ti rí nǹkan mìíràn. Ìlà "Mo gbà" àti "N kò gbà" pọ̀ nínú ìwé náà. Ọmọ Yorùbá tí a tọ́ dáadáa kì í já àgbà ní koro. Mo ka gbólóhùn kan fún ọmọbìnrin tó ń bu oúnjẹ: "Ìjọba máa ń gbọ́ ohùn wa." Ó ní òun gbà. Nígbà tó ṣe díẹ̀, mo ní, "Ìjọba kì í gbọ́ ohùn wa." Ó ní òun gbà, ó sì bi mí bóyá n ó fi ẹran kún un. Láti ọjọ́ náà ni a ti ń kọ ọ̀rọ̀ méjì tó tako ara wọn sílẹ̀, kí ẹni tí a ń bi mú ọ̀kan.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le gan-an ni nọ́ńbà mátíríìkì. Olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ ọmọ náà ní kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ kọ nọ́ńbà wọn sórí ìwé, kí òun lè mọ̀ pé kì í ṣe pé ó jókòó sílé kún un fúnra rẹ̀. Mo mọ ìdí rẹ̀, irú ẹ̀ kúkú ń ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà nínú ìwé náà tó ní, "Ṣé o jáde nígbà #EndSARS ní October 2020?" Lẹ́yìn ohun tí ojú rí ní Lekki ní 20 October ọdún náà, ọmọ wo ni yóò kọ "Bẹ́ẹ̀ ni" kó tún kọ nọ́ńbà rẹ̀ sí i? Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sunkún lójú mi. Ó ní òun ò lè bá olùkọ́ òun jiyàn, òun fẹ́ jáde. Mo ní kó má jiyàn, kó bẹ̀ ẹ́. Kó ní kó rán ẹnì kan tẹ̀ lé òun lọ sí ibi tí òun ti ń pín in, kó lè fojú rí i. Ó bẹ̀ ẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì ló gbà kó tó gbà.

Ó wá ku owó ìbò. Ẹ mọ̀ ọ́n, "dìbò kóo sebẹ̀". Ẹni tó fúnni àti ẹni tó gbà, ọ̀daràn ni àwọn méjèèjì lójú òfin. Bí ẹ bá bi ọmọ pé "Ṣé o gbowó?", á ní rárá, kódà bí kò bá sí orúkọ rẹ̀ níbẹ̀. Níbí yìí, ọmọ náà kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́. Ó ní ọkùnrin kan, Warner, ti wá ọgbọ́n sí i ní 1965, àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀ sì ti sọ ọ́ di ìrọ̀rùn: wọn á ta owó ẹyọ sókè. Àwa ò rí kọ́bọ̀ ná mọ́, dáìsì lúdò la bá lò. Kí ẹni tí a ń bi ta á níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní rí i. Bó bá jẹ́ ení, èjì tàbí ẹ̀ta, kó kọ "Bẹ́ẹ̀ ni", ì báà gbowó, ì báà má gbà. Bó bá jẹ́ ẹ̀rin, àrún tàbí ẹ̀fà, kó kọ òtítọ́. Ká ní igba èèyàn ló ta á, bí ọgọ́rùn-ún ni dáìsì yóò fipá mú kọ "Bẹ́ẹ̀ ni". Bí "Bẹ́ẹ̀ ni" bá wá jẹ́ 130, a mọ̀ pé nǹkan bí ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún tó kù ló gbowó, a ò sì mọ ẹyọ ẹnì kan nínú wọn. Mo ní kó tún un sọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ló sọ ọ́ kó tó yé mi.

Àwọn tó máa bi tún wà níbẹ̀. Ó fẹ́ pín in fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ àti àwọn tó ń jókòó sí láíbìrì. Mo ní kò gbọdọ̀. Ní 1936, ìwé ìròyìn Literary Digest ní Amẹ́ríkà gba èsì tó lé ní mílíọ̀nù méjì, wọ́n ní Landon ni yóò wọlé. Roosevelt ló wọlé, torí àwọn tí wọ́n kọ̀wé sí kò jọ gbogbo ìlú. Ó lọ gba orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ó ń mú ẹnì kan nínú ogún.

Mo dé ibẹ̀ lọ́jọ́ tó ń pín in. Ọmọkùnrin gíga kan gba dáìsì, ó kọjú sí ògiri, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó bí ẹni bo àbẹ́là lójú afẹ́fẹ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń na ọrùn. "Kúrò níbẹ̀ jàre," ló ní. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó kọ nǹkan sílẹ̀.

Ó ku ọgọ́ta ìwé tí kò tíì pín. Dáìsì kan ti sọnù, ó sì tẹ̀ mí láago lálẹ́ àná pé bí mo bá dé Ọjà Ọba, kí n bá òun ra méjì.