Iṣẹ́ Oṣù àti Iṣẹ́ Ara Ẹni: Kí Ni A Ń San?

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tó ń pèsè fún ẹyẹ oko àti ẹja odò.

Aránṣọ ni mí ní Adigbe, nílùú Abẹ́òkúta. Ó ti lé ní ọdún 11 tí mo ti ní ṣọ́ọ̀bù ara mi. Bí wọ́n bá pe ìrun, mo lè dìde láì tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí ara ìyá mi kò bá yá, mo lè ti ìlẹ̀kùn kí n lọ wò wọ́n. Òmìnira gidi nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ọdún Iléyá bá ti kọjá, oṣù kan lè parí kí n má rí aṣọ mẹ́ta rán, owó iléèwé ọmọ kò sì mọ̀ pé ọjà kò tà.

Ní ọdún tó kọjá, iléeṣẹ́ kan tó ń rán aṣọ iléèwé ní kí n wá máa gba owó oṣù. Ìyàwó mi ní: "Bàbá Káfáyà, ẹ jẹ́ ká gba èyí tó dájú." Ọ̀rẹ́ mi tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú ní tirẹ̀ sọ pé ẹni tó bá gba owó oṣù ti ta ara rẹ̀.

Mo wá rántí Ànábì Músá. Nígbà tó sá kúrò ní Íjíbítì dé Madyan, ó bá bàbá àgbà kan ṣiṣẹ́, iṣẹ́ náà sì ni ó fi fẹ́ ọmọ rẹ̀. Súrà Al-Qaṣaṣ sọ àdéhùn wọn fún wa: ọdún mẹ́jọ ni, bó bá fẹ́ sọ ọ́ di mẹ́wàá, ọwọ́ rẹ̀ ló kù sí. Ẹ kíyè sí i: iṣẹ́ náà ní òpin. Nígbà tí àdéhùn pé, Músá kó ìdílé rẹ̀, ó bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Àkókò rẹ̀ ló tà, kò ta ara rẹ̀.

Oníṣòwò aṣọ ni Sàyìdínà Abúbákárì náà. Ìtàn sọ pé lẹ́yìn tó di kálífà, ó tún ru aṣọ lọ sọ́jà. Sàyìdínà Umar ló dá a dúró, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní ohun tó tó ilé rẹ̀ láti inú àpò owó àwọn Mùsùlùmí. Iṣẹ́ tó bá gba gbogbo àkókò ẹni yẹ kó bọ́ ẹni. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Mo gba iṣẹ́ náà fún ọdún méjì. A kọ ọ́ sílẹ̀, a sì kọ wákàtí Jímọ́ọ̀ mọ́ ọn. Kì í ṣe ọ̀fẹ́: àwọn oníbàárà kan ti wá aránṣọ mìíràn, ìyá mi sì ń dúró de ìrọ̀lẹ́ kí wọ́n tó rí mi. Ṣùgbọ́n owó iléèwé ti ń jáde lásìkò.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gba owó oṣù, ẹ mọ ẹ̀tọ́ yín. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ọdún 2014 ní kí iléeṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ 15 sókè máa fi ìdá 10 nínú 100 owó oṣù sí àpò òṣìṣẹ́, kí òṣìṣẹ́ fi ìdá 8 sí i. Láti ọdún 2021, ẹni tó ń sá fún èlé lè yan àpò tí kò ní èlé nínú.

Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́ àti oníṣòwò, kò sí ọ̀gá tí yóò fi owó pamọ́ fún yín. Àjọ àti èésú dára, ṣùgbọ́n ọjọ́ kíkó ni wọ́n ń tán. Láti ọdún 2019, ìjọba àpapọ̀ ti dá ètò ìfẹ̀yìntì sílẹ̀ fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ara rẹ̀, tí èèyàn lè máa fi iye tí agbára rẹ̀ ká sí i. Ẹ kọ́kọ́ bèèrè bóyá èlé wọ̀ ọ́, kí ẹ tó fi owó yín sí i.

Ànábì wa (kí ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ní kí ọkùnrin kan so ràkúnmí rẹ̀, kó sì gbára lé Ọlọ́hun. Ẹni tó ní òmìnira, kó so ràkúnmí rẹ̀. Ẹni tí owó oṣù so mọ́lẹ̀, kó mọ ọjọ́ tí okùn yóò tú.

Kí Ọlọ́hun fi ìbùkún sí ìjẹ-ìmu wa. Àmín.