Ohun Tí A Gbé Wọ̀, Tí A Sì Lè Bọ́

  

Ní ìlú Covington tí mo ń gbé, ní ìlà-oòrùn Atlanta, gbàgede ìlú wa ti jẹ́ orúkọ mìíràn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Àwọn tí ó ṣe eré orí tẹlifíṣàn In the Heat of the Night sọ ọ́ di Sparta ti Mississippi. Àwọn tí ó ṣe The Vampire Diaries, láti 2009 sí 2017, sọ ọ́ di Mystic Falls ti Virginia. Títí di òní ni àwọn àlejò ń wá ya àwòrán lábẹ́ aago ilé ẹjọ́ wa. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n pa kámẹ́rà tán, Covington padà di Covington. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń rìn kọjá níbẹ̀ kí n tó mọ̀ pé ẹ̀kọ́ kan wà nínú rẹ̀ fún èmi ìyálórìṣà.

Ọmọ kan tí mo bí sínú Ọ̀ṣun ni ó là mí lójú. Nọ́ọ̀sì ni. Ní 2020, nígbà àrùn Kòrónà, ìyá rẹ̀ kú sí ilé ìwòsàn kan tí wọn kò ti gba ẹbí láàyè láti wọlé. Òun tí ó ń di ọwọ́ ìyá oníyàá mú lójoojúmọ́, kò rí ọwọ́ ìyá tirẹ̀ dì mú. A ṣe ohun tí ó yẹ fún òkú. A bọ orí rẹ̀. Ó ń lọ sọ́dọ̀ olùtọ́jú ọkàn pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò padà. Ó lè jókòó láàrin wa láti àárọ̀ di alẹ́ láìgbe orin kan ṣoṣo.

Lọ́jọ́ kan ó kúnlẹ̀, ó ní: “Ìyá mi, olùtọ́jú mi ní kí n wá máa bá àwọn kan ṣeré lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Dungeons & Dragons ni wọ́n ń pè é. Mo fẹ́ gba àṣẹ lẹ́nu yín.”

Mo béèrè irú eré wo. Ó ní àwọn ènìyàn á yí tábìlì ká, oníkálukú á sọ ara rẹ̀ di ẹlòmíràn, ìbáà ṣe jagunjagun, oníṣègùn tàbí olè. Ẹnìkan á máa darí ìtàn bí apàlọ́, wọn á sì máa ta dáìsì bíi ti lúdò, àfi pé òmíràn nínú rẹ̀ ní ojú ogún. Ó ní oṣó àti iwin wà nínú ìtàn náà. Mo ní rárá. Mo ní orí tí a ti fá fún òrìṣà, a kì í fi ṣeré.

Ó gbọ́ràn sí mi lẹ́nu, kò lọ. Láti ìgbà náà ni ó tún wá jìnnà sí wa ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Èmi tí mo kàwé, ẹ̀yìn tí mo ti dájọ́ tán ni mo tó lọ wádìí. Ní 1974 ni Gary Gygax àti Dave Arneson gbé eré náà jáde. Kò pẹ́ tí àwọn onísìn kan fi ń pariwo pé iṣẹ́ Sátánì ni. Ní 1983, Patricia Pulling, ìyá kan tí ọmọ rẹ̀ kú, dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ láti gbógun tì í. Ojú tì mí. Orúkọ tí wọ́n fi ń pe òrìṣà wa ni wọ́n fi pe eré náà, èmi náà sì ti dá a lẹ́bi láìrí i.

Ìwòsàn inú eré kì í sì í ṣe ohun àjèjì. Oníṣègùn Jacob Moreno, tí ó ti Vienna wá sí Amẹ́ríkà, ṣí ilé ìwòsàn sí Beacon ní New York ní 1936, níbi tí aláìsàn ti ń fi eré ṣàfihàn ìrora rẹ̀. Ní Aro, l'Abẹ́òkúta, Thomas Adéoyè Lambo jẹ́ kí àwọn aláìsàn máa gbé láàrin àwọn ará abúlé, ó sì pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra.

Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ tiwa gan-an ni mo ti rí ìdáhùn: Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ní òru Ẹ̀fẹ̀, ẹni tí ó gbé ère lórí a máa sọ ní gbangba ohun tí ẹnikẹ́ni kò jẹ́ sọ ní ọ̀sán. Yóò tú àṣírí ìwà burúkú, yóò kìlọ̀ fún alágbára, àwọn ènìyàn yóò sì rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin a wọ aṣọ obìnrin, a jó fún àwọn ìyá wa. Nígbà tí eré bá parí, a bọ́ ọ, a padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó ń sọ pé irọ́ ni ó pa.

Mo da obì níwájú Ọ̀ṣun, obì sì yàn. Mo pe ọmọ mi, mo ní kí a jọ lọ.

Ẹ̀gbẹ́ kan ni mo jókòó sí. Ó yan láti jẹ́ obìnrin tí ó ń tukọ̀ sọdá odò. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, kò sọ ju “bẹ́ẹ̀ ni” àti “rárá” lọ. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, olùdarí ní: “Ìyá arúgbó kan dúró létí odò. Òun nìkan ni. Ilẹ̀ ti ṣú, ó sì fẹ́ sọdá.”

Ọmọ mi dákẹ́. Gbogbo tábìlì dákẹ́. Ó wá ní: “Màmá, ẹ fún mi lọ́wọ́ yín. Mo wà níbí. Mi ò ní fi yín sílẹ̀ títí a ó fi gúnlẹ̀.”

Ó bú sẹ́kún. Ẹnikẹ́ni kò ní kí ó dákẹ́. Olùdarí kò ní kí ó ta dáìsì. Ó kàn sọ jẹ́ẹ́jẹ́ pé odò náà rọ̀, ọkọ̀ sì gúnlẹ̀. Kí wọ́n tó túká, oníkálukú fi ìwé tí a kọ ẹni inú eré rẹ̀ sí lélẹ̀ lórí tábìlì, ó sì pe orúkọ ara rẹ̀. Ọmọ mi pe tirẹ̀ sókè ketekete.

Nígbà tí ọjọ́ ọ̀sẹ̀ Ọ̀ṣun pé, a lọ sí etí odò Alcovy. Òun ni ó dá orin, àwa ni a gbè é.

Ẹ̀yin ọmọ tuntun, ẹ má ṣi ọ̀rọ̀ mi gbọ́. Eré kì í ṣe gígùn. Bí òrìṣà bá gun ẹlẹ́gùn, òrìṣà ni ó yàn án, òrìṣà ni ó sì mọ ìgbà tí yóò sọ̀. Nínú eré, ìwọ ni o gbé e wọ̀, ìwọ ni o sì máa bọ́ ọ. Nítorí náà, ẹ má ṣe fi òrìṣà tàbí egúngún ilé yín ṣe ẹni inú eré. Ojú dáìsì kò lè pinnu ohun tí Ṣàngó yóò ṣe. Ẹni tí kò tíì pé ọdún nínú òrìṣà, kí ó béèrè lọ́wọ́ àgbà rẹ̀ kí ó tó lọ, nítorí orí rẹ̀ ṣì rọ̀. Ẹ má fi eré rọ́pò oníṣègùn, ẹ má sì fi rọ́pò ẹbọ. Bí ẹ bá ṣe é tán, ẹ pe orúkọ ara yín, kí ẹ fi omi tútù bọ́jú.

Ẹ̀yin àgbà ẹlẹgbẹ́ mi, bí ọmọ bá kúnlẹ̀ tọrọ àṣẹ, ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó ń béèrè kí a tó ní rárá. Mo ti bẹ ọmọ mi, ó sì ti gbà. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Ọ̀ṣun á fún wa ní omi tútù ìwòsàn. Àṣẹ.