Ilé Alájà Mẹ́jọ Tí À Ń Retí ní Èbúté-Mẹ́ta

Ní àdúgbò wa ní Èbúté-Mẹ́ta, ilé kan wà tí gbogbo ènìyàn ti ń fọkàn gbé láti ìgbà pípẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò tíì sùn sínú rẹ̀ rí àfi mẹ́gáàdì tí ń ṣọ́ ọ. Òpó kọnkéré tí ó ga ju òrùlé gbogbo ilé tí ó yí i ká ni a ń rí, pẹ̀lú àjà márùn-ún tí wọ́n ti dà nínú mẹ́jọ tí wọ́n ṣèlérí, irin tí ó yọ ṣóńṣó sókè láìní ohun tí ó bò ó, àti pátákó ńlá kan tí òòrùn ti pa láwọ̀ dà, tí òjò sì ti họ, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé eyín obìnrin tí wọ́n yà síbẹ̀ nìkan ni ó kù tí ń rẹ́rìn-ín sí wa.

Nígbà tí pátákó náà ṣì ṣeé kà, ó ní ìsàlẹ̀ ilé yóò jẹ́ ti ọjà títà: ṣọ́ọ̀bù, báńkì, ilé ìtajà oògùn. Ọ́fíìsì ni yóò wà lórí rẹ̀, láti ibẹ̀ lọ sókè ni ilé gbígbé oníyàrá méjì àti oníyàrá mẹ́ta yóò sì ti bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀rọ agbéniròkè, omi ẹ̀rọ tí kì í gbẹ, àti jẹnẹrétọ̀ tí kò ní mọ oorun. Ìlérí yìí ni àwọn ará àdúgbò pín láàárín ara wọn gẹ́gẹ́ bí ọmọ ti ń pín ogún baba tí kò tíì kú. Ìyá aláṣọ tí ń ta àńkárá àti àdìrẹ lẹ́nu ọ̀nà ti yan ṣọ́ọ̀bù tí ó kọjú sí títì, ó sì ti bá ìyá tí ń ta oògùn ìbílẹ̀ jà lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Akọ̀wé rélùwéè kan tí ó ti fẹ̀yìn tì sọ pé àjà kẹrin ni ó wu òun, nítorí pé láti ibẹ̀ ni ènìyàn yóò ti máa wo ọ̀sà ní àárọ̀ nígbà tí kùrukùru bá ń ká kúrò. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kò tilẹ̀ fi ti rẹ̀ mọ sí ẹnu: ó san àsansílẹ̀ fún ilé oníyàrá méjì kí ìbò gbogboogbò ọdún 2015 tó dé, rìsíìtì owó náà sì wà nínú Bíbélì rẹ̀ láti ìgbà náà, ní ojú ewé Ìwé Jóòbù, níbi tí n kò rò pé ó dédé fi í sí.

Mẹ́gáàdì náà, baba arúgbó ará Òkè-Ògùn kan, ti di ẹni tí a ń bi ní ìròyìn. Bí mo bá kí i pé, “Ẹ kú iṣẹ́ o, baba, ẹ kú ojú lọ́nà,” a dáhùn pé, “Òo, ọmọ mi, wọ́n ní wọ́n ń bọ̀ lóṣù tí ń bọ̀,” a sì fi òwe kan náà dè é nígbà gbogbo: pípẹ́ ni yóò pẹ́, akólòlò yóò pe baba. Mo fẹ́ràn òwe náà, òótọ́ sì ni, ṣùgbọ́n àwọn àgbà tí ó pa á kò sọ fún wa iye ìgbà tí ẹni tí ń tẹ́tí sí akólòlò yóò fi dúró, wọn kò sì sọ ẹni tí yóò máa san owó ilé rẹ̀ ní gbogbo àkókò náà.

N kò ní fi ìdí ìdádúró náà ṣe ìtàn gígùn, nítorí irú rẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n ní Èkó. Ilé-iṣẹ́ tí ń kọ́ ọ, tí n kò ní dárúkọ, ra ilẹ̀ náà lọ́wọ́ ẹ̀ka kan nínú ìdílé onílẹ̀, ẹ̀ka kejì sì ní a kò fọ̀rọ̀ lọ òun; bẹ́ẹ̀, láti ìgbà tí Òfin Ilẹ̀ ti ọdún 1978 ti fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, kò sí ẹni tí ó lè gbé ilẹ̀ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, tàbí kí ó fi yá owó ní báńkì, láìgba ìyọ̀ǹda. Ìwé kò jáde, báńkì kò yáni lówó. Nígbà tí ìwé fẹ́ jáde, àrùn Kòrónà dé ní 2020, tí a sé gbogbo Èkó mọ́lé. Nígbà tí a jáde, sìmẹ́ǹtì ti gbówó lórí. Àti ní oṣù kẹfà ọdún 2023, nígbà tí a tú náírà sílẹ̀ kí ó máa wá ìwọ̀n ara rẹ̀ níwájú dọ́là, gbogbo ohun tí ó gbọ́dọ̀ ti òkè òkun wá, láti orí ẹ̀rọ agbéniròkè dé orí ẹ̀rọ omi, di ohun tí a ń fi ojú wò lásán.

Èyí tí ó yẹ kí a dúró lé lórí ni ohun tí ilé tí kò tíì sí yìí ti ṣe fún wa. Èkó Àkéte, ilé ọgbọ́n, aròmi-sá-lẹ̀gbẹ̀: ọgbọ́n ti pọ̀ jù fún àwọn onílé àdúgbò wa láti dúró kí ilé náà parí kí wọ́n tó jẹ èrè rẹ̀. Bí pátákó ti dúró báyìí ni owó ilé gbéra, tí àwọn ejẹ́ǹtì ń sọ fún ayálégbé pé ilé ọjà ńlá ń bọ̀ ní iwájú, tí yàrá kan àti pálọ̀ kan tí òrùlé rẹ̀ ń jò fi di ohun tí a ń dù. Òfin ayálégbé tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2011 kò gbà kí onílé bèèrè ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, síbẹ̀ owó ọdún méjì ni a ń gbọ́. Télọ̀ tí ń rán aṣọ fún ìyá mi ti kó lọ sí Ìkòròdú, nítorí ilé kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbé. Ẹni tí kò bá rí èyí rí kò ní gbà gbọ́ pé ilé tí kò ní ilẹ̀kùn lè lé ènìyàn jáde.

Kì í ṣe tuntun fún ìran wa kí a máa retí ilé. Àwọn Ẹ̀gbá ọmọ Líṣàbí tí wọ́n gba ìgbàgbọ́, tí a lé kúrò ní Abẹ́òkúta nígbà Ìfọ́lé ní 1867, ni Glover, tí í ṣe olórí ìjọba òyìnbó ní Èkó nígbà náà, fún ní ilẹ̀ níhìn-ín. Lẹ́yìn wọn ni rélùwéè dé, tí ó sì kó àwọn òṣìṣẹ́ jọ láti ibi gbogbo. Àwọn Ẹ̀gbá wọ̀nyẹn rí ilẹ̀ kí wọ́n tó gbọ́ ìlérí. Ti àwọn ará Ìsàlẹ̀ Èkó kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1955, ìgbìmọ̀ tí a ń pè ní LEDB, èyí tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1928 lẹ́yìn tí àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri ti pa ènìyàn ní Èkó, bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé ní àárín ìlú, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ lọ sí Sùúrùlérè, pẹ̀lú ìlérí pé onílẹ̀ yóò lè ra ilẹ̀ rẹ̀ padà nígbà tí títì bá ti là tí ibẹ̀ sì ti mọ́. Ọ̀pọ̀ ni kò padà. Peter Marris, ará Gẹ̀ẹ́sì kan, kọ ìwé lórí ọ̀rọ̀ wọn ní 1961, ó sì fi hàn bí òwò àwọn ìyá ọlọ́jà ti dẹnu kọlẹ̀ nítorí pé oníbàárà wọn jìnnà sí wọn, àti bí ẹbí tí ń jẹun pọ̀ ti di ẹni tí ń wọ bọ́ọ̀sì lọ kí ara wọn.

Bí a bá tilẹ̀ parí ilé, kò túmọ̀ sí pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ní Oyíngbò, tí kò jìnnà sí wa, ọjà alájà tí a ti retí títí ṣí ní 2015, Gómìnà Fáṣọlá ni ó ṣí i. Síbẹ̀ ìgbà pípẹ́ ni ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ibẹ̀ fi wà ní títì pa, tí àwọn ìyá aláta àti aláta gígún ń tajà lẹ́bàá ọ̀nà nísàlẹ̀, nítorí owó ṣọ́ọ̀bù ga, ata kì í sì í gun àtẹ̀gùn lọ bá oníbàárà.

Ọ̀rọ̀ tí ó mú mi kọ àròkọ yìí gan-an nìyí. Àwọn òṣìṣẹ́ ti padà. Ọkọ̀ tí ń po kọnkéré ti wọlé, àwọn bíríkìlà ti so okùn, a sì ti ń ta fọ́ọ̀mù tuntun. Ayọ̀ gba àdúgbò kan. Ìyá aláṣọ jó títí gèlè fi tú, ẹ̀gbọ́n mi sì yọ rìsíìtì rẹ̀ kúrò nínú Jóòbù. N kò bínú sí ayọ̀ wọn, nítorí ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, ebi ilé sì wà lára ebi tí ó burú jù ní Èkó. Ṣùgbọ́n mo ṣàkíyèsí pé kò sí ẹni tí ó béèrè nǹkan kan. Ìdúró pípẹ́ ti sọ wá di ẹni tí yóò gba ohunkóhun tí a bá fi lé wa lọ́wọ́, tí yóò sì dúpẹ́.

Bẹ́ẹ̀ ìbéèrè wà. Irin tí ó yọ sókè láti ọdún wọ̀nyí ti jẹ òjò àti atẹ́gùn oníyọ̀ tí ń fẹ́ wá láti ọ̀sà. Irin tí ó bá dípẹtà a máa wú, bí ó bá sì wú nínú kọnkéré, a máa là á láti inú wá, tí ojú kò fi ní tètè rí i. Òpó tí a dà nígbà tí sìmẹ́ǹtì kò tíì wọ́n lè dára. Ó sì lè má dára. Wíwò nìkan kò lè sọ. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 2021, ilé alájà 21 wó ní Ìkòyí, ó pa ènìyàn tí ó ju 40 lọ. Ní ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún ọdún 2022, ilé alájà mẹ́ta wó ní òpópó Ìbàdàn, ní Èbúté-Mẹ́ta wa níhìn-ín, ènìyàn sì kú. A sunkún nígbà náà, a sì ti ń gbàgbé.

Àyẹ̀wò náà kì í ṣe ohun awo. Ẹ̀rọ wà tí a fi ń lu kọnkéré láti mọ bí ó ti le tó. A lè gbẹ́ díẹ̀ nínú òpó lọ tẹ̀ wò ní ilé àyẹ̀wò ohun ìkọ́lé ti ìjọba ìpínlẹ̀. Àjọ tí ń bójú tó ìkọ́lé sì ní àṣẹ láti dá iṣẹ́ dúró títí àbájáde yóò fi jáde. Owó rẹ̀ kéré níwájú iye tí a ń gbà lórí fọ́ọ̀mù. Bí a bá ti lè dúró láti ìgbà tí ọmọ àdúgbò wa ti ń rákò títí ó fi wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga, a lè fi oṣù díẹ̀ kún un.

Nítorí náà, ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́ onílé àti ayálégbé àdúgbò wa, bí a bá tún pàdé, mo bẹ̀ yín, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe àkọ́kọ́ nínú ohun tí a ó sọ: kí ilé-iṣẹ́ náà mú ìwé àyẹ̀wò òpó àti irin wá, pẹ̀lú òǹtẹ̀ ìjọba lórí rẹ̀, kí a kà á sí etí gbogbo wa ní èdè tí ìyá aláṣọ gbọ́, kí ẹnikẹ́ni má sì san kọ́bọ̀ kan sí i títí a ó fi gbọ́ ohun tí ó wà nínú rẹ̀.