Ìwà Tó Bí Ìlà Kọ̀ọ̀kan

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìtàn iṣẹ́ wa, kó gba ìwé ètò tí à ń kọ lọ́dọọdún, kó máa fara balẹ̀ kà á. Ìwé náà gùn, ó sì le. Àwọn tíṣà tuntun a máa bi mí pé ta ló jókòó tó ro gbogbo ìbéèrè wọ̀nyí pọ̀. Èsì mi ni pé kò sẹ́ni tó jókòó rò wọ́n. Ohun tí àwọn èèyàn fi owó náà ṣe, nígbà tí ọ̀pọ̀ wa kò tíì dáyé, ló ń bí ìlà kan lẹ́yìn òmíràn.

Owó tí mò ń wí ni èyí tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ń fi ran àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí ọmọ tálákà pọ̀ sí lọ́wọ́. Title I ni gbogbo wa ń pè é níbí. Èmi ni mò ń bójú tó ètò rẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní apá gúúsù-ìwọ̀-oòrùn Houston, ní Texas, níbi tí ọmọ Mexico, ọmọ Honduras, ọmọ Vietnam àti ọmọ Yorùbá ti jọ ń tò gba oúnjẹ ọ̀sán. Mo ti ṣe tíṣà ní Òṣogbo kí n tó wá. Nígbà tí mo dé ní ìparí àwọn ọdún 1990, olùrànlọ́wọ́ tíṣà ni mo fi bẹ̀rẹ̀.

Texas yìí náà ni ọ̀rọ̀ ti ṣẹ̀. Ní 1928, Lyndon Johnson, ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò tíì parí ẹ̀kọ́ tirẹ̀, lọ ṣe tíṣà ní Cotulla, ìlú kékeré kan lọ́nà ààlà Mexico. Àwọn ọmọ Mexico ló ń kọ́ níbẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn a sì máa wá sí kíláàsì láìjẹun. Nígbà tó di ọjọ́ 11 oṣù Kẹrin 1965, ó ti di Ààrẹ. Ó padà sí ilé-ẹ̀kọ́ oníyàrá kan tó ti kọ́ A-B-D, ó jókòó sídìí tábìlì níta, ó ní kí Kate Deadrich Loney tó kọ́kọ́ kọ́ ọ níwèé wá jókòó ti òun, ó sì buwọ́ lu òfin tó dá Title I sílẹ̀. Owó tí wọ́n kọ́kọ́ yà sọ́tọ̀ lé ní bílíọ̀nù kan dọ́là.

Ọdún mẹ́wàá ṣáájú ìyẹn, ní oṣù Kìíní 1955, ni ìjọba Awólọ́wọ̀ ti ṣí ilẹ̀kùn ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà. Ìyá mi wà lára àwọn tó bá ilẹ̀kùn náà wọlé. Àwọn òfin méjèèjì yìí kò jọra, ibi tí wọn kò sì ti jọra ni iṣẹ́ mi wà. Ti Awólọ́wọ̀ kò bèèrè pé ta ni tálákà. Ọmọ tó bá ti lè gbé ọwọ́ kọjá orí kó fi kan etí ẹ̀gbẹ́ kejì, ó yá, wọlé. Ti Johnson, nítorí ọmọ tálákà ni wọ́n ṣe dá a sílẹ̀, ó sì di dandan kí ẹnìkan máa kà wọ́n. Ta ni tálákà? Ta ló ń kà wọ́n? Báwo la ṣe mọ̀ pé owó dé ọ̀dọ̀ wọn? Ọgọ́ta ọdún la ti fi ń fa ìbéèrè yìí mọ́ra wa lọ́wọ́.

Ohun tó mú kí òfin Johnson pọn dandan ni pé owó orí ilé àti ilẹ̀ ládùúgbò ló ń gbọ́ èyí tó pọ̀ nínú bùkátà ilé-ẹ̀kọ́ ní Amẹ́ríkà. Àdúgbò tí ilé ibẹ̀ kò níye lórí, ilé-ẹ̀kọ́ ibẹ̀ náà a rù. Òfin ẹ̀tọ́ aráàlú tí wọ́n ṣe ní 1964 sì ti fún ìjọba àpapọ̀ lágbára láti fawọ́ owó sẹ́yìn fún ibikíbi tó bá ń ya ọmọ dúdú sọ́tọ̀. Kí 1965 tó dé, owó ìjọba àpapọ̀ kéré débi pé ìhàlẹ̀ yẹn kò fi bẹ́ẹ̀ ba ẹnikẹ́ni lẹ́rù. Títú tí owó Title I tú jáde ló fi eyín sẹ́nu òfin náà, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ apá Gúúsù sì bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó gba owó kò mọ́ tán. Ní 1969, obìnrin méjì, Ruby Martin àti Phyllis McClure, kó ìròyìn àwọn ọ́dítọ̀ ìjọba jọ, wọ́n sì tẹ ohun tí wọ́n rí jáde. Níbì kan, odò ìlúwẹ̀ẹ́ ni wọ́n fi owó ọmọ tálákà gbẹ́. Níbòmíràn, ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ funfun ti ń rí gbà tipẹ́ nínú owó ìpínlẹ̀ ni wọ́n wá fi owó ìjọba àpapọ̀ rà fún ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ dúdú, wọ́n wá pe ìyẹn ní ìrànwọ́. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ilé aṣòfin kọ ìlà tí mo gbà pé ó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ìwé wa: àfikún ni owó yìí gbọ́dọ̀ jẹ́, kò gbọ́dọ̀ rọ́pò ohun tí ìpínlẹ̀ àti àdúgbò yẹ kó ṣe. Mo ti bá ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ju ẹyọ kan lọ jiyàn lórí ìlà yìí, kì í sì í ṣe pé olè ni wọ́n. Tíṣà kan ló kù díẹ̀ káàtó, owó Title I sì ń bẹ nílẹ̀. Ta ni ojú rẹ̀ kò ní wọ̀ ọ́?

Láti ìgbà yẹn ni ẹ̀rù ọ́dítọ̀ ti wọ inú iṣẹ́ wa, tí kò sì jáde mọ́. Obìnrin aláwọ̀ dúdú kan tó ti ń ṣe iṣẹ́ yìí kí n tó dé ló sọ bí ó ṣe rí fún mi. Láti lè fi hàn pé ọmọ tó yẹ nìkan ló jẹ àǹfààní owó, ńṣe ni wọ́n ń pe orúkọ àwọn ọmọ náà jáde kúrò ní kíláàsì, tí wọ́n ń kó wọn lọ sí yàrá kékeré kan ní ìparí ọ̀ọ̀dẹ̀. Ìwé ìkàwé tí a fi owó náà rà, ọmọ tí kò sí lórí ìwé kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Gbogbo àga, gbogbo ẹ̀rọ, ló ní sítíkà lára. Ohun tí ọmọ náà sì ń pàdánù ní kíláàsì nígbà tó wà ní yàrá kékeré, kò sí fọ́ọ̀mù tó bèèrè rẹ̀. Ó ní àwọn ọmọ a máa fara pamọ́ nígbà tí òun bá yọjú sẹ́nu ọ̀nà. Ètò náà mọ́ lójú ọ́dítọ̀, ṣùgbọ́n lójú tèmi, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ burú ju odò ìlúwẹ̀ẹ́ lọ.

Ní 1978 ni wọ́n kọ́kọ́ gbà kí ilé-ẹ̀kọ́ tí ọmọ tálákà bá tó ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún lo owó náà fún gbogbo ọmọ ibẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí àdúgbò fi owó tirẹ̀ tì í. Àdúgbò wo ló fẹ́? Ìgbà tí wọ́n yọ ìyẹn kúrò ní 1988 ni àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í dá sí i. Láàárín ìyẹn, ní 1981, ìjọba Reagan ti yí orúkọ ètò náà padà sí Chapter 1. Clinton dá orúkọ àtijọ́ padà ní 1994, ó sì já òdiwọ̀n ọmọ tálákà wá sílẹ̀ sí ìdá 50. Nínú sítọ́ọ̀ wa, nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbé àwòrán sára ògiri ṣì wà níbẹ̀ tó ní sítíkà Chapter 1, kò sì sẹ́ni tó láyà láti jù ú nù. Ìlà kan tún wà nípa ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni tí àwọn tuntun kì í lóye. Ní 1985, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ sọ pé tíṣà tí ìjọba ń sanwó fún kò gbọ́dọ̀ wọ inú ilé-ẹ̀kọ́ ẹlẹ́sìn láti lọ kọ́ ọmọ tálákà. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í páàkì ọkọ̀ ńlá sójú títì níwájú ilé-ẹ̀kọ́, tí àwọn ọmọ ń jáde wá kọ́ ìṣirò nínú ọkọ̀. Ó di 1997 kí ilé ẹjọ́ kan náà tó yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà.

Òfin tí Bush buwọ́ lù ní Hamilton, ní Ohio, lọ́jọ́ 8 oṣù Kìíní 2002, ni mo fi ojú ara mi rí. Ó sọ òdiwọ̀n náà di ìdá 40. Ó ní olùrànlọ́wọ́ tíṣà tí Title I ń sanwó fún gbọ́dọ̀ ti lo ọdún méjì ní yunifásítì tàbí kó yege nínú ìdánwò. Àwa tí a ti gba dìgírì ní Ifẹ̀ àti Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwé ẹ̀rí wa ránṣẹ́ sí àwọn tó ń wọn ìwé òkèèrè. Ohun tó dára jù nínú òfin náà ni pé a kò lè fi àròpọ̀ bo ẹnikẹ́ni mọ́lẹ̀ mọ́. Èsì ìdánwò àwọn ọmọ dúdú gbọ́dọ̀ dá dúró, ti ọmọ tálákà gbọ́dọ̀ dá dúró, ti ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì náà bẹ́ẹ̀. Ohun tó sì burú jù ni pé ó ní gbogbo ọmọ Amẹ́ríkà, láìku ẹnì kan, gbọ́dọ̀ yege nínú ìwé kíkà àti ìṣirò nígbà tó bá fi máa di 2014. Gbogbo wa tí a wà nínú kíláàsì mọ̀ pé àlá ni. Ètò wa ọdún wọ̀nyẹn kún fún ìdánwò àti ìwé ìmúrasílẹ̀ ìdánwò. N kò fẹ́ràn láti máa kà wọ́n. Nígbà tí Obama fi òfin mìíràn rọ́pò rẹ̀ ní oṣù Kejìlá 2015, àlá 2014 ti kọjá láìṣẹ.

Ní oṣù Kẹjọ 2005, omi gba New Orleans, Houston sì gba àwọn ará ibẹ̀. Àwọn ọmọ dé sí wa láìní ìwé ìbí, láìní ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára, àwọn mìíràn láìsí òbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Òfin lórí àwọn aláìnílé, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní 1987, ló jẹ́ kí a gbà wọ́n lójú ẹsẹ̀. Ṣáájú 2005, ìlà ọmọ aláìnílé inú ètò wa jẹ́ ohun tí a kàn ń máàkì.

Apá tí mo fẹ́ràn nínú iṣẹ́ yìí ni ìwádìí tí òfin ní kó ṣáájú ètò, níbi tí a ti gbọ́dọ̀ sọ ohun tí àwọn ọmọ nílò kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ ohun rírà. Ó le púpọ̀, torí pé àwọn oníṣòwò ti dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá kí n tó dé ibẹ̀. Lọ́dún kan, ìwé kíkà àwọn ọmọ kíláàsì kẹta wa wálẹ̀, gbogbo èèyàn sì fẹ́ kí a ra ètò kọ̀ǹpútà kan. Mo ní kí a kọ́kọ́ to orúkọ àwọn tí kò lè kà, kí a sì lọ wo ìwé wíwá wọn láti kíláàsì kìíní. Àwọn ọmọ tó ń ṣí kiri ni wọ́n. Àwọn ilé àyágbé àdúgbò wa a máa polongo pé oṣù àkọ́kọ́ ọ̀fẹ́ ni. Bí àkókò ilé bá pé, tí owó sì gun òkè, àwọn òbí a kó lọ síbi tí oṣù àkọ́kọ́ tún ti jẹ́ ọ̀fẹ́. Ọmọ á bẹ̀rẹ̀ ìwé kan níbí, á tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn lọ́hùn-ún, kò ní parí ìkankan. Kọ̀ǹpútà kò lè wo ìyẹn sàn. Owó náà lọ sórí òṣìṣẹ́ kan tó ń gbọ́ Spanish, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kó máa lọ bá àwọn òbí nílé kí wọ́n tó kó ẹrù. Àwọn kan gbà kí ọmọ wọn parí ọdún lọ́dọ̀ wa, àwọn kan kò gbà. Ọ̀gá náà kò dunnú sí mi fún ìgbà díẹ̀.

Kíkà tálákà ni kò tíì yanjú. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, fọ́ọ̀mù oúnjẹ ọ̀sán la fi ń kà wọ́n: ẹbí tí owó tó ń wọlé fún wọn kò ju 130 nínú ọgọ́rùn-ún òdiwọ̀n òṣì ti ìjọba lọ, ọ̀fẹ́ ni oúnjẹ wọn, tí kò bá ju 185 lọ, ẹ̀dínwó. Àwọn tó fún mi níṣòro jù ni àwọn èèyàn mi. Ìyá kan tó ń ṣe iṣẹ́ alẹ́ ní ilé àwọn arúgbó gbé fọ́ọ̀mù náà padà fún mi láìkọ nǹkan kan sí i.

“Àǹtí, àwa kì í ṣe tálákà o. Bàbá wọn ń bọ̀ wá gba iṣẹ́ gidi.”

Mo ní, “Màmá, ẹ má bínú. Ẹnikẹ́ni kò pè yín ní tálákà. Bí ẹ bá kọ ọ́, kì í ṣe ti oúnjẹ nìkan. Òun ni wọ́n fi ń ka owó tí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ yìí máa gbà.”

“Kí orúkọ ọmọ mi wá wà nínú ìwé ìjọba pé ó ń tọrọ jẹ?”

Kò kọ ọ́, èmi náà kò sì bá a jà. Ilé tí a ti wá, a kì í sọ àìní síta.

Ní báyìí, lábẹ́ òfin 2010, gbogbo ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wa ló ń jẹun lọ́fẹ̀ẹ́, kò sí fọ́ọ̀mù oúnjẹ mọ́. Inú àwọn ọmọ dùn, inú mi dùn, ìtìjú tábìlì oúnjẹ ti tán. Ṣùgbọ́n orúkọ àwọn tó ń gba ìrànwọ́ oúnjẹ SNAP àti irú rẹ̀ ni wọ́n wá fi ń ka tálákà, òfin sì gbà kí wọ́n fi 1.6 sọ iye wọn di púpọ̀. Ọ̀pọ̀ ẹbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kì í gba SNAP. Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù pé bí àwọn bá gbà á, yóò di ẹjọ́ sí ìwé ìgbélùú àwọn lọ́rùn. Ebi tó ń pa wọ́n kò yí padà, ṣùgbọ́n wọ́n ti kúrò nínú iye. A wá ní fọ́ọ̀mù owó tó ń wọlé mìíràn nílẹ̀ tí ẹni tó bá kọ ọ́ kò ní rí ohunkóhun gbà lọ́wọ́ kan. Nínú ètò ọdún tó ń bọ̀, mo ti kọ ọ́ pé kí wọ́n fi fọ́ọ̀mù náà sáàárín ìwé ìforúkọsílẹ̀ ní oṣù Kẹjọ, kí èmi fúnra mi sì jókòó sídìí tábìlì tí àwọn ará Nàìjíríà yóò ti gbà á.