Ọkọ̀ mẹ́ta rì láàárín ọjọ́ méje: èwo lẹ rántí?

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ẹ̀bi tèmi kí n tó dá ẹlòmíràn lẹ́bi. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta oṣù Kẹfà, ọdún 2023, bí ẹ bá jí mi lójú oorun, n ó sọ iye wákàtí tí afẹ́fẹ́ kù fún àwọn márùn-ún tó wà nínú Titan, ọkọ̀ abẹ́ omi tó wọ inú òkun Àtìláńtíìkì lọ láti wo àwókù Titanic. Mo mọ̀ pé afẹ́fẹ́ wákàtí 96 ni wọ́n gbé dání. Mo mọ̀ pé iye tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ èrò kan tó 250,000 dọ́là. Mo tilẹ̀ mọ̀ pé ọmọ ọdún 19 ni ẹni tó kéré jù nínú wọn, àti pé bàbá rẹ̀ ló mú un dání.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ náà, mo dúró níwájú obìnrin tó máa ń ta ẹja gbígbẹ fún wa nílùú Ìlọrin. Bí ó ti ń di ẹja mi ni mo ń ròyìn fún un pé afẹ́fẹ́ tó kù fún àwọn tó wà nínú omi yẹn kò ní pẹ́ tán. Ó gbójú sókè.

"Bàbá oníròyìn, àwọn wo ló tún kù láàyè nínú omi? Ṣebí wọ́n ní àwọn ti sin gbogbo àwọn tí wọ́n rí."

Ọkọ̀ Pàtégì ló rò pé mò ń sọ. Pàtégì ni ẹja rẹ̀ ti ń wá. Ẹni tó máa ń kó o wá fún un kò tíì yọjú láti bí ọjọ́ mẹ́wàá, fóònù rẹ̀ kò sì lọ.

Bóyá ẹ̀yin náà ti gbàgbé. Ní òru mọ́jú Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà, àwọn tó lọ síbi ìgbéyàwó ní abúlé Egboti, ní ìpínlẹ̀ Niger, ń fi ọkọ̀ ojú omi padà sí abúlé wọn ní agbègbè Pàtégì, ní ìpínlẹ̀ Kwara. Alùpùpù ni ọ̀pọ̀ wọn gùn lọ. Òjò ló rọ̀ tó ba ọ̀nà jẹ́, ni wọ́n bá wọ ọkọ̀. Igi kan tó fara pamọ́ sínú Odò Ọya ló la ọkọ̀ náà sí méjì. Àwọn tó kú lé ní 100, àwọn ọmọdé sì wà nínú wọn. Láti ibi tí mo jókòó sí, kò jìnnà. Àyájọ́ ìjọba àwarawa ni ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ òṣèlú ló sì gba ẹnu èmi àti àwọn ẹgbẹ́ mi.

Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ọkọ̀ apẹja kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Adriana rì lójú òkun Gíríìsì pẹ̀lú àwọn aṣíkiri bíi 750 tó ń ti Libya lọ sí Ítálì. Àwọn 104 péré ni wọ́n rí yọ láàyè.

Ọ̀pọ̀ yóò sọ pé àwọ̀ ara ló fa ìyàtọ̀ náà. N kò ní sọ pé irọ́ ni, ṣùgbọ́n ọmọ Pakistan pọ̀ nínú Adriana, bàbá àti ọmọ tó wà nínú Titan náà sì ti ìdílé Pakistan wá. Owó ńkọ́? Owó wà níbẹ̀ dájúdájú. Láti ọdún 1965 ni Johan Galtung àti Mari Holmboe Ruge ti yẹ àwọn ìwé ìròyìn Nọ́wè wò, tí wọ́n sì kọ ọ́ pé ohun tó bá kan orílẹ̀-èdè ńlá, tó kan ènìyàn pàtàkì, tó sì ya ni lẹ́nu, ló máa ń tètè di ìròyìn.

Àmọ́ èmi tí mò ń ṣe iṣẹ́ yìí mọ ohun mìíràn tó fà á: aago ni. Kò sẹ́ni tó mọ bí ti Titan yóò ṣe parí, nítorí náà wákàtí kọ̀ọ̀kan ló ní ìròyìn tirẹ̀. Ọkọ̀ òfuurufú Kánádà gbọ́ ariwo lábẹ́ omi. Ọkọ̀ Faransé gbé rọ́bọ́ọ̀tì wá. Ìrètí là ń tà, ó sì ń yá lọ́jà. Ìgbà tó yá la wá gbọ́ pé ẹ̀rọ agbóhùn tí àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà ní ti gbọ́ ìró kan lọ́jọ́ Àìkú gan-an, ìró bí ìgbà tí nǹkan bá fọ́ wọnú ara rẹ̀. Òkú là ń ka wákàtí fún. Ti Pàtégì ti parí kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́, a kò rí ohun tí a ó máa retí níbẹ̀. Orúkọ àti àwòrán àwọn márùn-ún wà lọ́wọ́ wa. Ọkọ̀ tó kó èrò ìgbéyàwó kì í kọ orúkọ èrò sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kékeré kan sì wà tó máa ń pa ìròyìn lọ́dọ̀ wa. "Tún" ni. Ọkọ̀ ojú omi tún rì. Bí "tún" bá ti wọ àkọlé báyìí, olóòtú á gbé e sí ìsàlẹ̀, òǹkàwé á mí kanlẹ̀, á sì kọjá. Lórí ọ̀rọ̀ Titan, Amẹ́ríkà jókòó gbọ́ ẹjọ́ ní gbangba lọ́dún 2024, àbọ̀ ìwádìí sì jáde lọ́dún 2025. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024 yẹn kan náà, ọkọ̀ kan dànù nítòsí Mokwa, ní ìpínlẹ̀ Niger, pẹ̀lú àwọn tó ń lọ síbi Màólúdì. Ẹ ti mọ ọ̀rọ̀ tí a fi bẹ̀rẹ̀ àkọlé rẹ̀.

Mo padà yẹ ohun tí èmi fúnra mi kọ lọ́sẹ̀ náà wò. Mo kọ mẹ́ta lórí Titan. Gbólóhùn kan ni mo kọ lórí Pàtégì, "tún" sì wà nínú rẹ̀.

Nígbà tí mo tún lọ ra ẹja ní oṣù Keje, ọkùnrin mìíràn ló ń sọ ẹrù kalẹ̀ fún ìyá ẹlẹ́ja. Mo béèrè orúkọ ẹni ti tẹ́lẹ̀, nítorí mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀. Ó mú fóònù rẹ̀, ó wá nọ́ńbà náà kàn, ó sì nà án sí mi. "Oníbàárà Pàtégì" ló wà níbẹ̀. Ó ní ọdún mẹ́fà làwọn ti jọ ń ṣòwò, oníbàárà sì làwọn méjèèjì ń pe ara àwọn. Ó gba fóònù náà padà lọ́wọ́ mi. Kò pa nọ́ńbà náà rẹ́.